Ojú Ìwé Kẹtàlá

Ìyáàfin Abíálà ló ránṣẹ́ pè mí wá sí ilé ẹ̀kọ́,
èmi tí mo ń kun pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀ Kétu.
Ó ní, "Ya ọ̀nà àtijọ́ sínú ìwé fún wa.
Àwọn ọmọ wọ̀nyí rò pé ọ̀dà ló bí ọ̀nà,
pé kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì
kálukú jókòó sílé bàbá rẹ̀ ni."
Mo wo garawa ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, mo rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti Àkàbà Ìdẹ́nà:
ilẹ̀kùn onígi, ó tì pa,
yàrà ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti koríko.
Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, pupa bí ìdí ìkòkò tuntun,
ó yà sí Ṣábẹ̀ẹ́,
níbi tí àpáta ti dojú délẹ̀ bí igbá ẹni tó yó,
ó tún padà sísàlẹ̀, ó ń wá ọ̀sà Àjàṣẹ́
bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn iyọ̀.
Mo di obì sínú ewé. Mo di kán-ún sínú àpò awọ.
Iyùn gba ọ̀dà pupa mi tán;
mo yá nínú ti oníbàárà kan, Ọlọ́run á dárí jì mí.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, kíláàsì gbóná bí ààrò.
Orí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yà, kí n má parọ́,
gbogbo alájàpá inú ìwé ló gẹrun tuntun,
ìlà tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bíi ti agbábọ́ọ̀lù.
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì.
Ojúgbélé béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra bẹntiróòlù.
Mo ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn.
Ó ní, "Láti ibí dé Àjàṣẹ́?" Ó wò mí bí òpùrọ́.
Mo fi oníbodè hàn wọ́n, ó jókòó ti agbọ̀n owó ẹyọ.
"Bàbá mi mọ ìyẹn," ni Adéòtí wí,
"ó wà ní ọ̀nà Ìlárá. Sefà ló ń gbà."

Ọ̀kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́.
"Ìyá àgbà mi ní àwọn kan ru ẹrù lọ́nà yẹn,
àwọn kan sì ni ẹrù.
Ojú ìwé wo lẹ fi wọ́n sí?"

Ìyáàfin Abíálà wo ojú fèrèsé.
Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò dọ̀tí.

Ojú ìwé méjìlá ni mo ti yà. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹ̀kẹtàlá.
Mo ya okùn, ó jọ okùn iyùn, mo pa á rẹ́.
Mo ya ojú, ojú náà ń wò mí, n kò lè sùn.
Nígbẹ̀yìn mo ki ìka bọ ọ̀dà dúdú,
mo fi tẹ ipa ẹsẹ̀ sórí ìwé, kékeré, ńlá, kékeré,
gbogbo wọn ń lọ sísàlẹ̀, síbi omi.
N kò ya èyí tó ń bọ̀.

"Ọmọ ọdún méje ni wọ́n," Ìyáàfin Abíálà wí.
Mo ní, "Ọ̀kẹ́ ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni?"
Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà.

Ọ̀kẹ́ gbé ìka lé ipa ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn létí omi,
ó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé gìgísẹ̀,
ó ń ṣí ìwé padà, ó kọjá oníbodè láìsanwó,
ó kọjá obì, kán-ún, òkè Ṣábẹ̀ẹ́,
títí ó fi kan ilẹ̀kùn ojú ìwé kìíní.
Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀.
"Ẹ ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Ẹ ṣí i."
Mo ní ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ.
Ó wo garawa tó wà lẹ́sẹ̀ mi.
"Ẹ ò ní òmíràn ni?"